Àwọn Ọmọ Ẹ̀kọ́ṣẹ́ Nílé Sinimá Amẹ́ríkà

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kíkọ́ ni. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín kò bá tíì kọ́ṣẹ́ rí, ó ní láti ní ọmọ tàbí àbúrò kan tí ó wà lọ́dọ̀ télọ̀, tàbí lọ́dọ̀ káfíńtà, tàbí lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ẹ mọ bí a ti ń ṣe é nílẹ̀ wa. Òbí a mú ọmọ lọ bá ọ̀gá, wọn a ṣe àdéhùn iye ọdún tí yóò lò. Ọmọ náà a máa gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, a máa pọn omi, a máa ra oúnjẹ wá fún ọ̀gá, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kì í kúrò lára bí ọ̀gá ti ń wọn aṣọ àti bí ó ti ń gé e. Nígbà tí ọdún bá pé, wọn a ṣe ìgbòmìnira fún un. Ọ̀gá a gbé irinṣẹ́ lé e lọ́wọ́, a gbàdúrà fún un, ẹbí a jẹ, wọn a mu, ọmọ iṣẹ́ àná a sì di ọ̀gá.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọkàn rìn lọ sí ilẹ̀ Amẹ́ríkà wàyí. Lọ́hùn-ún, nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ gíga bá ti gba ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, tí ooru sì mú, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kì í lọ sílé láti lọ sinmi. Wọn a wọ ìlú Los Angeles, níbi tí Hollywood wà, tàbí ìlú New York, wọn a sì wọ ilé-iṣẹ́ sinimá, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n àti ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù orin, láti kọ́ṣẹ́ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá. Íńtánì ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Àwa yóò máa pè wọ́n ní ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́.

Nígbà tí oṣù August bá ń parí lọ, ọkàn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ a dàrú díẹ̀. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì, ó ku ọ̀sẹ̀ kan. Kò sí ìgbòmìnira fún òun. Kò sí ẹni tí yóò gbé irinṣẹ́ lé e lọ́wọ́, kò sì sí ẹbí tí yóò pa adìyẹ. Ní ọjọ́ Ẹtì tí ó kẹ́yìn, yóò dá káàdì tí ó fi ń wọlé padà fún wọn, yóò bọ àwọn ènìyàn lọ́wọ́, yóò sì máa lọ. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni yóò máa bi ara rẹ̀ lọ́nà: “Kí ni mo rí gbà níbẹ̀?” Ìbéèrè yìí dàbí ohun kékeré, ṣùgbọ́n ó ti dé iwájú adájọ́ rí. Ìtàn bí ó ṣe débẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ní ọdún 1898, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ William Morris dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní New York. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa bá àwọn òṣèré wá ibi tí wọn yóò ti ṣeré, kí ó sì gba ìdá díẹ̀ nínú owó tí wọ́n bá rí. Àwọn akọrin, àwọn oníjó àti àwọn aláwàdà tí ń ti ìlú dé ìlú ṣeré ni ó kọ́kọ́ bá ṣòwò. Nígbà tí sinimá dé, tí rédíò dé, tí tẹlifíṣọ̀n sì tẹ̀ lé e, ilé-iṣẹ́ náà bá gbogbo wọn rìn.

Ní ilé-iṣẹ́ yìí, yàrá kan wà tí gbogbo lẹ́tà ń gbà kọjá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń to lẹ́tà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbé e lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá kọ̀ọ̀kan. Yàrá lẹ́tà yìí wá di ilé ẹ̀kọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ náà, yàrá lẹ́tà ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, ì báà jẹ́ pé ó ti ka ìwé púpọ̀. Owó tí wọ́n ń san fún un kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n wọ́n ń san án. Yóò máa ti ọmọlanke lẹ́tà káàkiri, ojú rẹ̀ yóò sì máa là.

Àwọn àgbà wa ní, bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹ wo ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Barry Diller, tí ó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1961. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sáré kí wọ́n lè tètè kúrò ní yàrá lẹ́tà, òun lọ jókòó ti àwọn fáìlì ilé-iṣẹ́ náà, ó sì ń kà wọ́n lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àdéhùn àwọn òṣèré wà nínú wọn, lẹ́tà àríyànjiyàn wà nínú wọn, iye tí wọ́n san fún ẹni báyìí àti ìdí tí wọ́n fi san án wà nínú wọn. Ìtàn gbogbo òwò náà ni ó kà láìsí olùkọ́. Ní ọdún 1974 ni ó di olórí ilé-iṣẹ́ sinimá Paramount, nígbà tí kò tíì pé ẹni ọdún 33.

Ọ̀dọ́mọkùnrin mìíràn tún wà, David Geffen ni orúkọ rẹ̀. Ó dé yàrá lẹ́tà náà ní New York ní ọdún 1964. Ilé-iṣẹ́ náà fẹ́ ẹni tí ó jáde ní yunifásítì, Geffen kò sì jáde ní yunifásítì kankan. Ó purọ́ fún wọn pé òun jáde ní yunifásítì kan ní Los Angeles. Nígbà tí ó gbọ́ pé wọ́n ti kọ̀wé sí yunifásítì náà láti wádìí, ẹ̀rù bà á. Láràárọ̀ ni ó ń tètè dé ibi iṣẹ́ ṣáájú gbogbo ènìyàn, ó ń ṣọ́ lẹ́tà tí yóò tú àṣírí rẹ̀. Ìgbà tí lẹ́tà náà dé, ó jí i gbé, ó sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni ó sọ ìtàn yìí fún ayé gbọ́ nígbà tí ó ti di olówó.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ ń kà èyí, n kò sọ ọ́ kí ẹ lè fi ṣe àwòkọ́ṣe o. Irọ́ ni irọ́, ayédèrú ìwé sì lè gbé ènìyàn dé ẹ̀wọ̀n. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè rí bí ẹnu ọ̀nà iṣẹ́ náà ti há tó, tí ènìyàn fi ń fi orúkọ rere ṣe tẹ́tẹ́ nítorí àyè àtimáa pín lẹ́tà.

Ní ọdún 1964 yìí kan náà, ní òdìkejì Amẹ́ríkà, ọmọkùnrin ẹni ọdún 17 kan wà tí ń jẹ́ Steven Spielberg. Ìlú Phoenix ní Arizona ni ó gbé dàgbà. Láti kékeré ni ó ti ń fi ẹ̀rọ baba rẹ̀ ya fíìmù, ní oṣù March ọdún náà sì ni wọ́n fi fíìmù gígùn kan tí ó ṣe fúnra rẹ̀ hàn nílé sinimá ní Phoenix. Nígbà ìsinmi ooru, ó rí àyè wọ ilé-iṣẹ́ Universal ní Hollywood, ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń gé fíìmù tí wọ́n sì ń so ó pọ̀. Iṣẹ́ ìwé ni wọ́n fún un ṣe, àti kí ó máa jíṣẹ́ káàkiri. Kọ́bọ̀ kan kò wọ àpò rẹ̀.

Spielberg ti sọ ìtàn yìí lóríṣiríṣi ọ̀nà. Ó sọ nígbà kan pé ńṣe ni òun yọ́ kúrò láàárín àwọn tó wá ṣèbẹ̀wò, tí òun rí ọ́fíìsì tó ṣófo, tí òun sì kọ orúkọ òun sí i. Ó dùn gbọ́, àbí? Ṣùgbọ́n àwọn tó wádìí ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ rí i pé ẹnì kan ni ó mú un wọlé. Chuck Silvers ni orúkọ ẹni náà, òun ni ó ń tọ́jú àwọn fíìmù Universal. Ó bá ọmọ náà sọ̀rọ̀, ó rí i pé iná ń jó nínú rẹ̀, ó sì ṣílẹ̀kùn fún un.

Nígbà tí ìsinmi parí, Spielberg padà sílé-ẹ̀kọ́, nítorí ó ku ọdún kan kí ó jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Kí ni ó rí gbà? Kò gba owó, kò gba ìwé ẹ̀rí. Àmọ́ ó ti rí bí àwọn àgbà oníṣẹ́ ṣe ń mú fíìmù tí a yà ní wúruwùru, tí wọ́n ń gé e, tí wọ́n ń so ó, títí yóò fi di ìtàn. Ó sì ti ní ẹni kan nínú ilé ńlá náà tí ó mọ orúkọ rẹ̀. Kò jẹ́ kí okùn náà já. Ó ń padà lọ sọ́dọ̀ Silvers lọ́dọọdún, ó ń fi ohun tí ó bá ṣe hàn án.

Ní ọdún 1968, Spielberg ṣe fíìmù kúkúrú kan tí ó pe orúkọ rẹ̀ ní Amblin'. Ìṣẹ́jú 26 péré ni. Ó gbé e lọ fún Silvers wò. Silvers ni ó ké sí Sidney Sheinberg, ọ̀gá ńlá nínú ẹ̀ka tẹlifíṣọ̀n Universal, pé kí ó wo fíìmù yìí. Sheinberg wò ó, ó ránṣẹ́ pe ọmọ náà, ó sì fún un ní àdéhùn ọdún méje. Ní oṣù November 1969 ni iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde lórí tẹlifíṣọ̀n. Ní ọdún 1975 ni Jaws jáde, fíìmù ẹja ekurá tí gbogbo ayé tò lọ wò. Ẹ wá gbọ́ èyí: ní ọdún 1994, Spielberg àti Geffen, pẹ̀lú ọ̀rẹ́ wọn Jeffrey Katzenberg, dá ilé-iṣẹ́ sinimá tuntun sílẹ̀, wọ́n pè é ní DreamWorks. Àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ọdún 1964 ti di onílé.

Bí mo bá dákẹ́ síbí, ẹ̀yin òbí yóò ní ìtàn náà dára, pé kí ọmọ sáà ní sùúrù, kí ó ṣiṣẹ́ láìgbowó, yóò dára fún un. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ. Ẹ bi ara yín léèrè: ta ni ó ń bọ́ Spielberg ní gbogbo ìgbà tí ó ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́? Baba rẹ̀ jẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà, ó ń gba owó oṣù gidi. Ọmọ tí baba rẹ̀ ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì ńkọ́, tí ìsinmi sì ni àyè kan ṣoṣo tí ó ní láti wá owó ilé-ẹ̀kọ́? Ó lè ní ẹ̀bùn ju Spielberg lọ, ṣùgbọ́n kò lè wọlé. A kò sì ní mọ̀ pé ó wà, nítorí fíìmù tí ẹnikẹ́ni kò yà, kò sẹ́ni tí yóò wò ó.

Ìjọba Amẹ́ríkà ti ṣe òfin lórí owó iṣẹ́ tipẹ́. Ní ọdún 1938, nígbà ayé Ààrẹ Franklin Roosevelt, wọ́n ṣe òfin pé owó tí ó kéré jù tí a lè san fún òṣìṣẹ́ ni sẹ́ǹtì 25 fún wákàtí kan. Òfin náà ní, ẹni tí o bá gbà láyè kí ó ṣiṣẹ́ fún ọ, o ti gbà á síṣẹ́ nìyẹn. Ní ọdún 1947, ẹjọ́ kan dé Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin kan ní Portland, ìpínlẹ̀ Maine, ń kọ́ àwọn ọkùnrin ní iṣẹ́ bíréèkì ọkọ̀ fún ọjọ́ méje tàbí mẹ́jọ láìsanwó. Àwọn adájọ́ ní kò burú. Ìdí ni pé àwọn tí ń kọ́ṣẹ́ náà kò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ kankan, àtipé nígbà mìíràn, ńṣe ni wọ́n tilẹ̀ ń fa ọwọ́ iṣẹ́ sẹ́yìn. Ẹ̀kọ́ gidi ni, ọ̀gá kò jèrè nínú rẹ̀.

Láti inú ẹjọ́ ọkọ̀ ojú irin yìí ni ọ̀nà ti là fún àwọn ilé sinimá. Wọ́n ń sọ pé ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́, kò yẹ kí ó gbowó. Ọdún ń gorí ọdún, iye wọn sì ń pọ̀. Kò sí ẹni tí ó fẹ́ sọ̀rọ̀, nítorí ẹni tí ó bá pe ọ̀gá lẹ́jọ́ lónìí, ta ni yóò gbà á síṣẹ́ lọ́la?

Ní ọdún 2009, wọ́n ń ṣe fíìmù kan ní New York tí ń jẹ́ Black Swan, ìtàn obìnrin oníjó kan ni. Àwọn ọkùnrin méjì, Eric Glatt àti Alex Footman, wọlé síbẹ̀ láti kọ́ṣẹ́ láìgbowó. Wọn kì í ṣe ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ mọ́ nígbà náà, wọ́n ti kàwé jáde. Glatt wà lọ́dọ̀ àwọn oníṣirò owó, ó ń to ìwé sínú fáìlì, ó ń tọpa ohun tí wọ́n rà, ó ń gbé ìwé lọ gbé ìwé bọ̀. Footman ń po kọfí, ó ń béèrè ohun tí oníkálukú fẹ́ jẹ lọ́sàn-án, ó ń da ilẹ̀ nù, ó ń to àga àti tábìlì. Nígbà tí iṣẹ́ parí, òun náà wà lára àwọn tí ó tú àga náà palẹ̀. Ọ̀pọ̀ oṣù ni wọ́n fi ṣe é. Fíìmù náà jáde ní ọdún 2010. Nǹkan bí mílíọ̀nù dọ́là 13 ni wọ́n ná lé e lórí, ó sì pa ju mílíọ̀nù 300 lọ.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà wa náà ni wọ́n sọ pé ibi tí a bá ti ń ṣiṣẹ́ ni a ti ń jẹ. Ní oṣù September 2011, Glatt àti Footman gbé ilé-iṣẹ́ Fox Searchlight lọ sí kóòtù. Wọn kò sọ pé àwọn kò kọ́ nǹkan kan. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé, bí kò bá sí àwọn níbẹ̀, ilé-iṣẹ́ náà ìbá ti sanwó fún ẹlòmíràn láti ṣe iṣẹ́ náà.

Ní oṣù June 2013, Adájọ́ William Pauley gbè wọ́n. Ó ní òṣìṣẹ́ ni wọ́n lábẹ́ òfin. Ní ti pé wọ́n mọ bí ọ́fíìsì fíìmù ti rí, adájọ́ ní ẹnikẹ́ni tí ó bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni yóò mọ ìyẹn, kì í ṣe ẹ̀kọ́ tí a dìídì kọ́ wọn. Ìdájọ́ yìí mì gbogbo ìlú tìtì. Àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mìíràn náà gbé ọ̀gá wọn lọ sí kóòtù. Ní ọdún 2014, ilé-iṣẹ́ NBCUniversal gbà láti san mílíọ̀nù dọ́là 6.4 kí ẹjọ́ tirẹ̀ lè parí.

Ṣùgbọ́n ẹjọ́ kò tíì tán. Ní oṣù July 2015, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn wọ́gi lé ìdájọ́ Pauley. Wọ́n ní ìbéèrè tí ó yẹ kí a bi ni pé: láàárín ọmọ àti ọ̀gá, ta ni èrè rẹ̀ pọ̀ jù? Wọ́n ka ohun méje sílẹ̀ tí a ó fi máa wò ó. Mo mú díẹ̀ nínú wọn wá fún yín. Ṣé àwọn méjèèjì mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé kò sí owó? Ṣé ẹ̀kọ́ náà jọ ti ilé-ẹ̀kọ́? Ṣé ó bá ìgbà ìsinmi àti ìgbà ìwọlé ọmọ mu? Ṣé ìgbà tí ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ nìkan ni ọmọ fi wà níbẹ̀? Ṣé kò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ń gbowó? Ní ọdún 2016, àwọn méjèèjì parí ẹjọ́ náà pẹ̀lú àdéhùn. Ní oṣù January 2018, ìjọba àpapọ̀ náà gba òdiwọ̀n tuntun yìí wọlé.

Ẹ ò rí i pé kò sí ẹni tí ó borí pátápátá. Òfin kò sọ pé kí a má fi ọmọ kọ́ṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tí ẹ̀rù kóòtù bà bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó fún ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́, àwọn mìíràn sì ti ìlẹ̀kùn pátápátá. Ẹni tí wọ́n ń sanwó fún, ọmọ tálákà lè wà lára wọn. Ẹni tí wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́, tálákà àti olówó ni wọ́n jọ dúró síta.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀sẹ̀ méjì tí ó kẹ́yìn nínú oṣù August. Ìwọ ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́, níbikíbi tí o bá wà, ì báà jẹ́ ilé sinimá, ì báà jẹ́ ṣọ́ọ̀bù télọ̀, má ṣe jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ wọ̀nyí sá mọ́ ọ lọ́wọ́. Kọ ohun tí o ti mọ̀ ọ́n ṣe sílẹ̀, kí o tó gbàgbé. Ohun tí kò yé ọ, béèrè rẹ̀ nísinsin yìí tí o ṣì ní ẹni tí yóò dá ọ lóhùn. Lọ kí gbogbo ẹni tí ó kọ́ ọ ní nǹkan, àti ọ̀gá àgbà àti ẹni tí ń ṣílẹ̀kùn, kí o sì mọ orúkọ wọn. Rántí pé kì í ṣe fáìlì ni ó gbé Spielberg dé ọ̀dọ̀ Sheinberg, ènìyàn ni.

Ẹ̀yin ọ̀gá ńkọ́, ẹ̀yin tí ọmọ ọlọ́mọ wà lọ́wọ́ yín? Ẹ yẹ ara yín wò kí ìgbà ọmọ tó pé. Láti ìgbà tí ó ti dé, ọjọ́ mélòó ni ẹ fi kọ́ ọ, ọjọ́ mélòó ni ẹ fi rán an níṣẹ́ ọjà? Bí ó bá jẹ́ pé ìgbálẹ̀ nìkan ni ó mọ̀ dáadáa lẹ́yìn gbogbo ìgbà yìí, ẹ jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ẹ kọ́ ọ ní iṣẹ́ tí ó wá kọ́, tàbí kí ẹ san owó iṣẹ́ tí ó ṣe fún un.